Ọjọ́ Tí Auntie Rẹ̀mí Nàwọ́ sí Mọ́tò Daddy ní Gbàǹjo

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ rọra jókòó, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tí mi ò lè gbé mì mọ́. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó wá ku ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí. Ọ̀rọ̀ mọ́tò Daddy mi ni, àti ohun tí Auntie Rẹ̀mí ṣe níbi tí wọ́n ti ń lù ú ní gbàǹjo.

Ẹ jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú mọ́tò tó jẹ́. Sports car ni, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ ara wọn ṣe láyé ọjọ́un. Ó kúrú, ó sún mọ́lẹ̀, àwọ̀ ewé ni, aṣọ ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀, ènìyàn méjì péré ló sì gbà. Daddy rà á ní Woolwich nígbà tí wọ́n ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, lọ́wọ́ sójà kan tó fẹ́ kúrò nílùú. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń di aṣọ àti rédíò sínú àpótí, Daddy gbé mọ́tò sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Ìjẹ̀bú-Òde.

Ṣé ẹ lè fojú inú wò ó? Mọ́tò elénìyàn méjì ní Ìjẹ̀bú! Àwọn ará àdúgbò máa ń bi Daddy pé èyí tó kù nínú mọ́tò náà ńkọ́, ìgbà wo ló máa dé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ Mummy, kò sí wàhálà. Nígbà tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi, Bro Délé, Mummy gbé e lé itan. Nígbà tí èmi náà dé, Daddy wo iwájú mọ́tò, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n rí i pé kò ní ẹ̀yìn. Wọ́n bá gbé e sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé, wọ́n lọ ra mọ́tò tí ọmọ lè jókòó sí. Ṣùgbọ́n wọn ò tà á. Láràárọ̀ Sátidé wọ́n á státì rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó kùn díẹ̀, wọ́n á sì pa á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fi wá sílẹ̀.

Orúnkún Mummy ló mú ọ̀rọ̀ títà wọlé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá wọn wà nílé wa, orúnkún méjèèjì sì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá máa sọ̀kalẹ̀, àfi kí wọ́n gbé wọn, Mummy ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àwọn bí ọmọ ọwọ́. Mummy tó jẹ́ pé iwájú ilé ni ayé wọn wà, tí wọ́n máa ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá, tí wọ́n á bi wọ́n léèrè ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú fèrèsé òkè ni wọ́n wá ń jókòó sí, tí wọ́n ń juwọ́ sí ènìyàn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí wọn lórí fóònù níbi fèrèsé yẹn. A fẹ́ kọ́ yàrá àti ilé ìwẹ̀ fún wọn nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n carer tó ń tọ́jú àwọn àgbà ni èmi níbí, tíṣà ni Bro Délé, agbára wa ò ká a.

Lọ́jọ́ kan ni mo fi fọ́tò mọ́tò náà han mẹkáníìkì kan ní Plumstead. Eré ni mo ń bá a ṣe o. Ọkùnrin yẹn gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi ìka fẹ fọ́tò náà lójú, ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà tuntun kùn ún, kí n dá a padà wálé. Ó ní ibí ni ilé rẹ̀, àwọn tó ń wá irú rẹ̀ kiri sì pọ̀ níbí, wọ́n á rà á tìpẹtà tìpẹtà.

Mummy fúnra wọn ló sọ pé ká tà á. Wọ́n ní Daddy ò ní fẹ́ kí mọ́tò jókòó nísàlẹ̀ kí ìyàwó àwọn wá há sókè.

Ẹnì kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ ò tú ká sí ọ̀rọ̀ náà ni Auntie Rẹ̀mí. Àbúrò Daddy ni wọ́n, àwọn nìkan ló sì kù láàyè nínú ọmọ ìyá Daddy. Wọ́n ti ṣe nọ́ọ̀sì níbí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀gbẹ́ Woolwich Common ni wọ́n ń gbé. Tí Auntie bá ń bínú, wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn ní, "Èmi ò lẹ́nu níbẹ̀." Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn àgbà wa, ẹ mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ti ní àwọn ò lẹ́nu gan-an ni ẹnu pọ̀ sí jù.

Nígbà tí kọ́ńtẹ́nà dé, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé mọ́tò náà wá sí iwájú ilé wa ní Thamesmead East. Wọ́n ṣì ń kọ́ station tuntun ní Abbey Wood nígbà náà, ọ̀nà Harrow Manorway kún fún eruku àti mọ́tò tí kò lọ tí kò bọ̀, awakọ̀ náà sì fi gbogbo ìyẹn kí mi kí n tó kí i. Bí wọ́n ṣe sọ mọ́tò náà kalẹ̀ ni mo káwọ́ lé orí. Ìpẹtà ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àga rẹ̀ ti ya, ewé gbígbẹ tó já láti Ìjẹ̀bú ṣì wà nílẹ̀ inú rẹ̀. Mo pe Auntie. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wá, wọ́n yí i po, wọ́n gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn apá òsì, wọ́n dúró síbẹ̀.

"Auntie, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ? Ẹ ti gbé e dé."

"Ṣé ẹ ṣì ń bínú ni?"

"Ṣọlá, mo ti ní èmi ò lẹ́nu níbẹ̀. At least ẹ fọ̀ ọ́, ó dọ̀tí."

Mo ní àwọn tó máa bá wa tà á ti kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́, pé bó ṣe rí yẹn ni àwọn oníbàárà wọn ń fẹ́. Auntie wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ mú nǹkan ẹ̀gbọ́n àwọn jáde sí àwùjọ, tìdọ̀tí tìdọ̀tí? Wọn ò dúró jẹun. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà sí Woolwich.

Wọn ò pè mí mọ́ títí gbàǹjo fi ku ọ̀la. Ìgbà náà ni wọ́n pè pé àwọn máa bá mi lọ, kí n wá gbé àwọn. Mo ní ó dáa, ma, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni Auntie ń wá débẹ̀? Mo rò ó títí, mo gbà pé wọ́n fẹ́ wá dá a dúró ni.

Gbọ̀ngàn ńlá kan lọ́nà Kent ni wọ́n ti ṣe é. Auntie jáde sí mi pẹ̀lú léèsì búlúù àti gèlè tó dúró ṣánṣán.

"Auntie, mọ́tò lásán ni wọ́n ń tà níbẹ̀ o. Everybody máa wọ jacket ni."

"Ṣé nítorí tiwọn ni mo ṣe wọ̀ ọ́?"

Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn, a gbéra.

Ẹ ò rí àwọn ènìyàn ibẹ̀. Bàbá òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì dání, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Ọ̀kan ń fọwọ́ pa ìpẹtà ara mọ́tò Daddy, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pín nǹkan fún àwọn tó ń wọlé, Auntie sì yà síbẹ̀ lọ gba tiwọn, wọ́n tún sọ orúkọ wọn fún ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀. Mo rò pé ìwé ètò ọjọ́ náà ni. Mi ò mọ̀ pé káàdì onínọ́ńbà ni, èyí tí ẹni tó bá fẹ́ rà máa ń gbé sókè!

A jókòó. Auntie wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Àwọn wo ni ènìyàn wa níbí?"

"Èmi àti ẹ̀yin náà ni, Auntie."

"Àwa méjì péré?" Wọ́n fọwọ́ tún gèlè wọn ṣe.

Kí ó má baà rú yín lójú, bí ètò náà ṣe rí nìyí. A ti bá wọn fẹnu kò sí iye kan, tí owó ò bá dé ibẹ̀, wọn ò ní tà á. Tí wọn ò bá sì tà á, a ó gbé e padà sílé, Mummy á sì máa juwọ́ lójú fèrèsé lọ. Ohun tí mo gbé sáyà jókòó níbẹ̀ nìyẹn.

Ó kan mọ́tò Daddy. Ọkùnrin tó ń lù ú ní gbàǹjo dúró lórí pèpéle pẹ̀lú òòlù kékeré rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè ìtàn mọ́tò náà ṣáájú, ohun tí mo sọ kò ju pé ti Daddy mi ni, láti Nigeria ló sì ti dé. Nítorí náà ohun tí ó kà jáde náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé, iṣẹ́ pọ̀ lára rẹ̀. Ọwọ́ díẹ̀ lọ sókè. Ọkùnrin kan nàwọ́, òmíràn tó dé fìlà nàwọ́, ẹni àkọ́kọ́ sì jáwọ́. Ó ku onífìlà nìkan, owó náà sì jìnnà pátápátá sí ibi tí a fẹ́. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọkùnrin orí pèpéle ń wo ìhín, ó ń wo ọ̀hún, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ṣé kò sí ẹlòmíràn.

Ìgbà náà ni mo rí ọwọ́ kan tó wọ léèsì búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń lọ sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì bíi tiwa ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní àsìkò ìkórè, àwọn ènìyàn á mú iṣu wá, tàbí àkùkọ, tàbí agbọ̀n ọsàn, wọ́n á gbé e sókè níwájú ìjọ, wọ́n á ní ta ló máa rà á. Kì í ṣe iṣu là ń rà níbẹ̀. Ẹni tó mú un wá là ń gbé ga. Tí iṣu rẹ bá dúró níwájú tí kò sí ọwọ́ tó nà sí i, ìtìjú gbogbo ilé yín ni. Nítorí náà àwọn ènìyàn rẹ ló máa kọ́kọ́ nàwọ́, wọ́n á máa fi kún un lórí ara wọn, ìjọ á máa pàtẹ́wọ́. Auntie Rẹ̀mí ti ṣe èyí fún ìdajì àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Woolwich.

Ṣùgbọ́n èmi ò rántí ìkórè rárá lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé, ó tán, Auntie fẹ́ ra mọ́tò yìí kó má baà lọ!

Inú ọkùnrin orí pèpéle dùn. Ó nawọ́ sí ìyá tó wọ búlúù. Onífìlà náà gbé káàdì rẹ̀. Auntie gbé tiwọn. Onífìlà tún gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí Auntie dìde dúró. Mo fa léèsì wọn.

"Auntie, please, kí lẹ ń ṣe?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

Onífìlà yíjú wo Auntie, ó mirí, ó sì ti káàdì rẹ̀ bọ àpò. Ẹ wo wàhálà o. Mọ́tò ti wà lórí Auntie, òòlù ti gòkè, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì sì ni wọ́n, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i san? Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ohùn mi jáde kí n tó rò ó. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró, auntie mi nìyí, àwa gan-an la ni mọ́tò náà.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin orí pèpéle ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó bi Auntie bóyá lóòótọ́ ni wọ́n jẹ́ ẹbí ẹni tó ń tà á. Auntie ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tún gbé orí sókè sí i. Ó wá rọra ṣàlàyé pé òfin ò gbà á, pé tí olóhun bá ń fi owó kún ohun tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà ló ń rẹ́ jẹ.

Mo rí i bí ojú Auntie ṣe yí padà. Wọn ò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé wọn. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì nọ́ọ̀sì wọn dá a lóhùn, èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́ tí gbogbo wọ́ọ̀dù sì máa ń gbọ́. Wọ́n ní àwọn ò wá rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n àwọn ni. Wọ́n ní nílé tí wọ́n ti tọ́ àwọn dàgbà, tí wọ́n bá gbé nǹkan ènìyàn ẹni síwájú àwùjọ tí gbogbo ayé dákẹ́, ẹbí rẹ̀ ló ń nàwọ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn dé ìlú yìí láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ò mọ ẹnì kankan, omijé ni àwọn fi ń jẹun. Ọjọọjọ́ Sunday ni ẹ̀gbọ́n àwọn máa ń wá fi mọ́tò yìí gbé àwọn ní hostel, tí àwọn á jókòó sí apá òsì, tí á gbé àwọn yí Woolwich Common ká. Nínú òtútù, á ṣí òrùlé sílẹ̀. Á ní kí àwọn máa sunkún lọ, afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́.

Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Auntie ò sọ ọ́ fún mi rí. Àárín àwọn àjèjì ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọkùnrin yẹn lè lé wa jáde. Ó lè gbé mọ́tò náà kúrò nílẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Ó ní òun máa pa gbogbo ọwọ́ tí Auntie nà rẹ́, a ó padà sí iye tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó nàwọ́. Ó wá kọjú sí ilé, ó ní ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yìí ò sí nínú ìwé òun, àti pé ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà mọ̀ pé láti Woolwich ni mọ́tò yìí ti lọ, ọwọ́ ẹbí kan náà ló wà láti ìgbà náà, àwọn ló sì dá a padà.

A bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Auntie ti jókòó, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Obìnrin kan tí kò tíì nàwọ́ rárá, tó dúró nítòsí ilẹ̀kùn, ló gbé káàdì rẹ̀. Onífìlà yọ tirẹ̀ jáde nínú àpò. Àwọn méjèèjì wá ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó dé ibi tí a fẹ́. Ó kọjá ibẹ̀. Ó tún ń lọ! Nígbà tí òòlù balẹ̀, obìnrin yẹn ló ni ín, èmi sì ti fi etí léèsì Auntie nu ojú mi.

Obìnrin náà wá bá wa. Ó bi Auntie bóyá wọ́n á fẹ́ jókòó sínú rẹ̀ kí òun tó gbé e lọ. Auntie dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní rárá, àwọn ti jókòó tiwọn, ó ku tirẹ̀.

Ẹ máa rò pé ayọ̀ la gbé lọ sílé. Èmi ń yọ̀ o, ṣùgbọ́n nínú mọ́tò mi, Auntie tú gèlè, wọ́n ká a sórí itan, ó wà níbẹ̀ títí a fi dé Woolwich. Níwájú ilé wọn ni wọ́n tó la ẹnu.

"Ṣọlá, wọ́n pè mí ní oníjìbìtì lójú gbogbo ayé."

"Auntie, kò pè yín bẹ́ẹ̀ o. Òfin ló ń sọ."

"Má sọ fún ìyàwó wa."

Mummy ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mummy jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni ìyàwó ilé. Mo ní mi ò ní sọ, ma.

A wọlé, mo pe Bro Délé lórí WhatsApp, ó gbé fóònù gòkè lọ fún Mummy. Mo ní a ti tà á, Mummy, ó tó yàrá, ó tó ilé ìwẹ̀, ó tún ṣẹ́ kù. Mo ń retí kí wọ́n pariwo ayọ̀. Mummy kàn ní ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ bi mí ní nǹkan kan.

"Nígbà tí wọ́n gbé mọ́tò ọkọ mi síta, ṣé ẹnì kankan nàwọ́ sí i nínú ilé wa?"

Mo wo Auntie. Auntie ń mirí sí mi, wọ́n ń fi ìka sí ẹnu. Ẹ̀yin ni ẹ bá wà níbẹ̀, kí lẹ máa ṣe? Èmi ò lè pa irọ́ fún Mummy.

"Auntie nàwọ́, Mummy. Wọ́n nà án títí wọ́n fi dá wọn dúró."

Auntie fi ọwọ́ bo ojú. Lẹ́yìn náà Mummy ní kí n gbé fóònù fún Adúmáradán. Orúkọ tí Mummy sọ Auntie nìyẹn nígbà tí wọ́n wọ ilé wa bí ìyàwó, tí wọn ò gbọdọ̀ pe àwọn ọmọ ọkọ lórúkọ. Auntie gba fóònù náà bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà ránṣẹ́ pè.

"Adúmáradán, ẹ ṣé. Láti àárọ̀ ni mi ò ti lè jẹun. Mo ń rò ó pé wọ́n á gbé e síta láàárín àwọn tí kò mọ̀ wá, pé kò ní sí ẹnì kan tó máa gbé ọkọ mi ga. Mi ò lè sọ fún àwọn ọmọ, wọn ò ní lóye."

"Ìyàwó mi, wọ́n ní mo jẹ̀bi o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ṣé ẹ nà án sókè dáadáa?"

"Mo dìde dúró."

Ni Mummy bá bú sẹ́kún lọ́hùn-ún, Auntie náà bú sẹ́kún níhìn-ín, èmi náà ò gbẹ́yìn. Bro Délé ń bi wá láti ẹ̀yìn pé ta ló kú.

Yàrá ti parí báyìí. Mummy ti wà níwájú ilé wọn, wọ́n sì ti mọ ọmọ ta ló yege ìdánwò àti ta ni kò yege.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n máa béèrè. Mo wo ojú Auntie tó dì, mo pè é ní ìbínú. Mi ò jókòó tì wọ́n kí n ní Auntie, kí ló ń dùn yín gan-an? Àwọn àgbà wa tó wà níbí gbé ìtàn púpọ̀ sínú, wọ́n ń retí ẹni tó máa bi wọ́n. Mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ tèmi kó tó pẹ́ jù, ì báà jẹ́ níwájú àwọn tí mi ò mọ̀ rí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ti ṣe ohun tó dójú tì yín rí, tí ẹ wá rí i lẹ́yìn náà pé ìfẹ́ ni? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí, ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi Auntie ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ rọra o, èmi ni mo máa ń ka gbogbo ohun tí ẹ bá kọ fún wọn. Nígbà tí mo ka èyí fún wọn lánàá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n fi kún un: tí wọ́n bá tún gbé mọ́tò náà síta lọ́la, àwọn á tún nàwọ́.